Bàbá Àgbà àti Irin Kẹta

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni nǹkan yìí wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Takié, Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá pé kí n bá òun tẹ àwòrán mẹ́rin jáde. Ìkẹta nínú àwòrán yẹn ni mo rí tí ọwọ́ mi dúró sórí ẹ̀rọ. Irin pẹlẹbẹ márùn-ún ni, wọ́n tò wọ́n léra, wọ́n tẹ̀ bí ọrun, irú èyí tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì jẹ́ búlúù, àárín rẹ̀ pọ́n bí ata.

Mo ní, "Kí ló ṣe é tó fi pọ́n níbẹ̀?"

Ó ní, "Àǹtí, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń wọ̀ ọ́ lára jù." Ó tẹ bọ́tìnì kan, irin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń yí láti búlúù sí àwọ̀ ewé, láti àwọ̀ ewé sí pupa. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹrù, kò sí òòlù. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti ń kùn.

"Àǹtí, ṣé sinimá lẹ̀ ń wò ni?"

Iṣẹ́ bàbá mi àgbà ni mo ń wò. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn ṣe sípíríǹgì ọkọ̀. Wọ́n á ra irin abẹ́ tírélà tó ti kú, wọ́n á gé e, wọ́n á fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á fi òòlù tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á sì rì í sínú òróró kó lè le. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, kò sì jọ mí lójú, àfi ọjọ́ tí mo rí i lójú kọ̀ǹpútà tí kò gbóná, tí kò sì dún. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti gbé sọ́fítíwíà tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fídíò ni mo ń wò. Èyí tí kò bá yé mi, mo tún un wò. Oṣù méje ni mo lò kí sípíríǹgì àkọ́kọ́ tí mo yà tó tẹ̀ tí kò dàrú mọ́ mi lójú.

Bàbá ti lọ báyìí, ó pé oṣù márùn-ún. Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ wọn dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ bí Bàbá ṣe kọ́ ilé, bí wọ́n ṣe rán ọmọ níwèé, bí wọn kì í pẹ́ dé ìsìn òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan irin. Irin ni èmi mọ̀ wọ́n mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti ilé ìwé tí wọ́n lọ, kó bi àwọn àbúrò bàbá mi.

Bàbá kì í jókòó lórí àga onítìmùtìmù tí wọn ò bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ní ilé bíṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé mi dé ilé àwọn òbí ọkọ mi nígbà àkọ́kọ́, wọ́n tẹ àga náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì dẹ etí sí i. Bàbá ọkọ mi bẹ̀rù.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?"

"Ó wà. Ti ọwọ́ òsì ti ṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àlejò tó bá sanra jókòó síbẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ tán, àwọn àna mi dojú àga dé, sípíríǹgì ọwọ́ òsì sì ti di méjì. Nígbà tí mo bi Bàbá bí wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n ní, "Irin tó ti ṣẹ́ a máa gbà fún ọ kíákíá. Èyí tó pé a máa bá ọ jiyàn."

Wọ́n kórìíra téèpù. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọ́n á so kókó sí i, kókó kan fún gígùn, kókó méjì fún ibi tí wọn yóò lu ihò sí. Ẹsẹ̀ kan lára awò ojú wọn ti gé tipẹ́, òwú dúdú ni wọ́n fi dè é mọ́ etí. Mo ra awò tuntun fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú Bíbélì tí wọn kì í kà nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kéré.

Ìjà tó pẹ́ jù nílé wọn, nítorí òróró ni. Òróró ẹ̀ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa ń ri irin sí. Ní ọjọ́ kan, ó tán, irin sì ti pọ́n nínú iná, kò lè dúró. Bàbá wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà tí Màmá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n dà á sínú páànù, wọ́n ri irin sí i. Gbogbo àdúgbò gbóòórùn bí ẹni ń dín nǹkan. Àwọn ọmọ sáré wá pẹ̀lú àwo. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ lérán.

"Ọkọ mi, irin yín ti jẹ ọbẹ̀ wa o."

Bàbá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó ti yó. Yóò ṣiṣẹ́."

Ohun tó fi Bàbá hàn jù lọ, Takié ni ó ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe. Awakọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kẹ́mi. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń kó àwọn tíṣà tó ń gbé Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láràárọ̀, tó sì ń kó wọn padà. Bàbá ṣe irin tuntun sábẹ́ bọ́ọ̀sì náà, Bàbá Kẹ́mi sì gbéra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, Gàníyù fi òòlù gbá ègé tó kù lára irin kan náà, tí wọ́n jọ rì sínú òróró kan náà. Gàníyù yìí kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá ní ọ̀dọ́, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí ó fi ní ọmọ-ọmọ. Ègé irin náà fọ́ bí àwo. Ó túmọ̀ sí pé ó ti le jù.

Bàbá ò ránṣẹ́. Wọ́n gbé jáàkì àti sípánà, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì bá àwọn tíṣà ní páàkì Takié, méjìdínlógún, gbogbo wọn ti jókòó, wọ́n ń retí kí wọ́n gbéra.

Bàbá yọjú sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo ṣe irin tó wà lábẹ́ yín. Mo ṣe é dànù."

Tíṣà obìnrin kan ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yọ́ ni?"

"Ẹ̀ báà fẹsẹ̀ rìn. Ẹ ó kúkú dé."

Inú bí Bàbá Kẹ́mi. "Bàbá, ẹ ń dójú tì mí níwájú kọsítọ́mà. Kò ṣáà tíì ṣẹ́."

Bàbá ti wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ wọn nìkan la ń rí. Ohùn wọn wá láti ìsàlẹ̀: "Èmi ni ojú tì, kì í ṣe ìwọ. Ìtìjú òní, òní náà ni yóò tán. Èyí tó bá ṣẹ́ lọ́nà kò ní í tán láéláé."

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Kẹ́mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan abẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Irin tí Bàbá tún ṣe fún un ló gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irin yìí kan náà ló fa ìjà èmi àti Bàbá.

Nígbà tí mo ti mọ sọ́fítíwíà náà lò dé ojú àmì, mo ní mo fẹ́ dán iṣẹ́ Bàbá wò. Mo bẹ Bàbá Kẹ́mi, mo tẹ́ páálí sábẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní páàkì, mo dùbúlẹ̀, mo wọn irin náà bó ṣe wà níbẹ̀. Ìyá, bí Bàbá ṣe ń pe irin tó gùn jù tó wà lókè, jẹ́ mìlímítà 1,180 ní gígùn, 60 ní ìbú, 8 ní nínípọn. Àwọn mẹ́rin tó kúrú jù ú lọ, tí Bàbá ń pè ní ọmọ, lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ní títò, láìsí àlàfo kankan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Mo gbé èèyàn méjìdínlógún àti ẹrù wọn lé e, mo sì mú un bọ́ sí kòtò.

Ìyá pọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí irin náà ní kó tó tẹ̀ tí kò ní í padà sípò, ìyá ti lo 94.

Inú mi dùn. Mo ń sọ òótọ́, inú mi dùn, bí ẹni tó rí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Kí n tó pe Bàbá, mo ti fi àwòrán náà han Bàbá Kẹ́mi, mo sì ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ti wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó ṣí i. Wọ́n fa awò wọn sójú, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ta ló kùn ún lọ́dà?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Ibi tó bá pọ́n, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ṣẹ́."

"Ìyá ni yóò ṣẹ́?"

"Ìyá ni."

Wọ́n fi ìka kan irin kẹta láti òkè. "Èyí ni yóò kọ́kọ́ lọ, bó bá dọjọ́ iwájú. Ìyá ni yóò gbẹ̀yìn."

"Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

"Mi ò sọ pé ó parọ́, Àbẹ̀ní. Kí lo sọ fún un ni mo ń bi ọ́."

Mo ka gbogbo nọ́ńbà náà fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọn ò já mi lẹ́nu. Wọ́n wá ní, "Wá sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kí o wá wo ibi tá a ti ń bẹ̀rẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Àsìkò ìdánwò ni, èrò kún ṣọ́ọ̀bù mi; mi ò lọ ní Sátidé yẹn, mi ò sì lọ ní èyí tó tẹ̀ lé e. Oṣù yẹn ò tíì pé tí àìsàn gbé Bàbá dè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Kẹ́mi pè mí.

"Àbẹ̀ní, mo fẹ́ yọ àwọn irin Bàbá o. Mo ti rí tòkunbọ̀ kan tó dára."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ìwọ lò ń bi mí? Àwòrán rẹ ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti fi han àwọn dírẹ́bà yòókù ní páàkì."

Mo pe Gàníyù. Ó ní awakọ̀ mẹ́rin ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá kọjá láti oṣù tó kọjá, wọn ò sì yà. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó lè jẹ́ pé tíṣà méjìdínlógún ń gun irin tó fẹ́ ṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwòrán tí mo yà ló ń ba orúkọ Bàbá jẹ́ lẹ́yìn tí wọn ò lè fèsì mọ́. Mi ò mọ èwo ni. Mo bẹ Bàbá Kẹ́mi pé bó bá máa yọ ọ́, kó jẹ́ ní ọ̀dọ̀ Gàníyù, kó sì jẹ́ ní ìṣojú mi.

Nígbà tí mo dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú báàgì, Gàníyù ti fi jáàkì gbé bọ́ọ̀sì sókè.

Ó ní, "Onísípíríǹgì orí fóònù dé. Ṣé o gbé ọ̀dà pupa dání?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Gàníyù."

"Mo dúpẹ́. Sún sẹ́yìn, kó má gbá ọ."

Ó gbé irin náà sílẹ̀, ó fi irin méjì há a mọ́lẹ̀, ó sì tú bóòtù tó gba àárín wọn kọjá. Bí ó ṣe dẹ ohun tó há a, irin márààrún tú ká. Ìpẹ̀kun àwọn ọmọ kan ìyá, ṣùgbọ́n àárín wọn kò kan ara wọn mọ́. Ọmọ ìka mi kọjá níbẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò lẹ̀ mọ́ra?"

Gàníyù bi mí pé, "Àbẹ̀ní, ṣé abẹ́ ọkọ̀ lo ti wọ̀n wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nínú ìdè?"

"Nínú ìdè."

Ó jókòó sórí àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá ì bá gbá ọ létí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọn sípíríǹgì nínú ìdè lọ́dọ̀ wọn, kò ní í jẹun ọ̀sán."

Ó wá ṣàlàyé. Bàbá a máa tẹ irin kọ̀ọ̀kan ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Nígbà tí bóòtù bá fà wọ́n pọ̀, àwọn ọmọ á ti ìyá sókè, ìyá á tẹ̀ sí òdì kejì ibi tí ẹrù yóò tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ẹrù bá wá dé, yóò kọ́kọ́ tú ìtẹ̀ yẹn ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ni ìyá lára. Àwọn ọmọ ló ń gba ìyà náà jẹ. Gàníyù ní, "Bàbá a máa sọ pé ìyá kì í dá ẹrù gbé nígbà tí ọmọ wà nílé."

Ohun tí mi ò sọ fún kọ̀ǹpútà nìyẹn. Mo wọn irin kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, ní títú. Àlàfo àárín ìyá àti irin kejì jẹ́ mìlímítà 5. Ti irin kejì àti ìkẹta, 7. Ti ìkẹta àti ìkẹrin, 6. Èyí tó kẹ́yìn, 4. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí àgbá òróró, mo tún gbogbo rẹ̀ yà, mo ní kó kọ́kọ́ di bóòtù ná, kó tó gbé ẹrù lé e. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ṣe é. Bàbá Kẹ́mi jẹun, ó sùn díẹ̀, ó jí.

Kí n tó wo àwọ̀ kankan, mo wo gíga ọrun náà lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà di bóòtù rẹ̀: 131. Mo ní kí Gàníyù dì í padà bí Bàbá ṣe ń dì í. Mo na téèpù sí i: 132. Mìlímítà kan péré ló fi yàtọ̀. Ìgbà náà ni mo tó gbójú lé àwọ̀. Ìyá ti kúrò ní 94, ó ti di 68. Èyí tó ga jù nínú márààrún ni irin kẹta: 79.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí Gàníyù ti tún tú wọn, tó ń fi kẹrosíìnì nu wọ́n. Ó nù wọ́n gbẹ, ó sì fi ẹfun ìkọ̀wé tí a lọ̀ kúnná wọ́n wọn. Bí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tó sápamọ́ síbẹ̀ á jáde sínú ẹfun. A wo ìyá títí, funfun ni. Irin kejì, funfun ni. Lára irin kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bóòtù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó tutù, ó dúdú. Mìlímítà 4.

Bàbá Kẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ìlà náà. "Bàbá sọ fún mi. Wọ́n ní tó bá di ọdún kẹfà, kí n gbé e wá, kí àwọn wo ìkẹta. Ọdún kẹjọ rè é."

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé e wá?"

"Kò dún. Mo rò pé ohun tí kò bá dún, nǹkan kan ò ṣe é."

Mo ní, "Bàbá Kẹ́mi, àwòrán yẹn, èmi ni mo ṣì í yà. Nǹkan kan ò ṣe ìyá. Irin kan péré ni ká pààrọ̀. Ẹ pa àwòrán yẹn rẹ́."

"Èmi á pa tèmi rẹ́. Ti gbogbo páàkì ńkọ́?"

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró ní páàkì Takié, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí bẹ́ńṣì, mo fi àwòrán méjèèjì han àwọn awakọ̀, èyí tó burú àti èyí tó tọ́. Mo sọ ibi tí mo ti wọn irin àti ibi tó yẹ kí n ti wọ̀n ọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà ló wá parọ́ ni?"

"Rárá o. Èmi ni mi ò sọ òótọ́ fún un tán."

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin náà ti padà sọ́dọ̀ Gàníyù.

Gàníyù rọ irin kẹta tuntun. Kó tó tẹ̀ ẹ́, mo gbìyànjú oríṣiríṣi àlàfo lórí kọ̀ǹpútà. Bí àlàfo irin kejì àti ìkẹta bá kúrò ní 7, tó di 6, irin kẹta á sọ̀ láti 79 sí 75, ìyá á sì gòkè láti 68 sí 71. Gàníyù ro ó fún ọjọ́ kan gbáko. Ó ní Bàbá ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù la ó máa tú u wò."

Bọ́ọ̀sì náà ti fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kó àwọn tíṣà lọ, ó ti kó wọn bọ̀. A tú u ní Sátidé tó kọjá, ìgbà kẹta nìyẹn. A fi ẹfun wọ́n ọn, gbogbo rẹ̀ funfun. Mo ki irin ìwọ̀n sí àárín irin kejì àti ìkẹta. Mìlímítà mẹ́fà géérégé.